Lẹ́yìn tí a bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ó dá lórí oríta Sẹ̀kọ̀nà, lórí Òṣòdì, àti lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn lẹ́yìn tó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ gáréèjì lo fẹ́ fi dí wa lójú oorun lálẹ́ yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jókòó.

2/ Ní oṣù tó kọjá, mo ti Èkó dé sí Sẹ̀kọ̀nà lálẹ́. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́jọ. Mo pariwo "Ó wà o!", dẹ́rẹ́bà sì já mi sílẹ̀ ní apá ibi tó ń lọ. Mo gbójú sókè, mo rí àtùpà Màámi ní òdìkejì títì. Mo rí èéfín bọ̀ọ̀lì. Mo tiẹ̀ rí wọn tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ná. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

3/ Tírélà kọjá. Bọ́ọ̀sì kọjá. Ọ̀kadà kan tí kò ní iná kọjá, òun gan-an ló sì kù díẹ̀ kó gbá mi. Mo sún síwájú, mo sá padà, báàgì lórí, báàgì lọ́wọ́. Láti Èkó dé Sẹ̀kọ̀nà, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ tó kù kí n dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ló já mi láyà. Nígbà tí mo sọdá tán, Màámi ò kí mi káàbọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń lé ẹ?"

4/ Fún ẹni tí kò mọ Sẹ̀kọ̀nà: ìlú wa wà ní agbègbè Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan lọ sí Akódà, Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ọ̀kan gba Òde-Òmù àti Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ìkẹta yà lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Tó o bá kàwé ní Ifẹ̀ tí ilé yín wà ní Òṣogbo, tàbí o wà ní Poly Ẹdẹ tí ọ̀rẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀, ó ṣeé ṣe kó o ti dúró ní oríta wa rí. O lè má mọ̀ ju ibẹ̀ lọ nínú ìlú wa. Mi ò bínú.

5/ Màámi ti ń ta bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan péré, ẹ máa rí i pé bọ̀ọ̀lì nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wọn. "Ìyá, mọ́tò Ifẹ̀ dà?" "Màmá, ṣé Ẹdẹ ni èyí ń lọ àbí Òṣogbo?" "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹrù yìí, mo fẹ́ tọ̀ ni." Wọ́n mọ iye tó yẹ kéèyàn san. Tí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ rẹ́ ọmọ iléèwé jẹ, ohùn wọn ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́.

6/ Ní gáréèjì ńlá, wọ́n máa ń gba èèyàn sínú ilé onígíláàsì kí ó lè máa dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí. Wọ́n á rán yunifọ́ọ̀mù fún un. Màámi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ kan lórí ẹ̀yinná.

7/ Àwọn àgbà wa kì í fi oríta ṣeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹbọ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ní Èṣù wà. O gbà á gbọ́ o, o ò gbà á gbọ́ o, òye kan wà nínú ẹ̀: oríta ni ibi tí èèyàn ti ń yan ọ̀nà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà ti lè dàrú mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyẹn tí ọjà fi máa ń hù níbẹ̀. Ibi tí èèyàn bá ti ń ro ibi tó máa yà sí, ó máa dúró. Ibi tó bá ti dúró, ebi lè pa á, òùngbẹ lè gbẹ ẹ́, ó lè fẹ́ bi ẹnì kan ní ìbéèrè.

8/ Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Akódà, láti sọ ọ́ di ọ̀nà méjì, lílọ lọ́tọ̀, bíbọ̀ lọ́tọ̀. Inú wa dùn. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ọ̀nà tóóró léwu, ẹni tó bá ti bá tírélà pàdé lójú kan náà lóru mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ ohun kan wà tí èmi ò tètè rí. Bí títì bá ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń pín sí méjì. Mọ́tò á sáré sí i. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ sọdá á rìn jìnnà sí i. Ẹni tó lọ ra iyọ̀ ní òdìkejì á kọ́kọ́ gbàdúrà.

9/ Màámi ti gbé àtẹ wọn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé ibi tí wọ́n lọ, mọ́tò ò dúró níbẹ̀.

10/ Ọmọ kan wà tó máa ń ta píọ́ wọ́tà fún ìyá ẹ̀ ní oríta. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó yára, ó gbọ́n, ó mọ ohùn ẹ̀rọ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ dúró yàtọ̀ sí ti èyí tó fẹ́ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì kan dúró ní òdìkejì, ó sá tẹ̀lé e, ọ̀kadà gbá a. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dá. Gèlè Màámi ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà kí wọ́n tó gbé e lọ.

11/ Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ọlọ́kadà ló jẹ̀bi. Àwọn kan ní ọmọ ló sáré. Àwọn kan ní ìyá ẹ̀ ni, kí ló dé tó ń rán ọmọdé lọ sójú títì. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́ lórí fóònù. Kò sí ẹnì kan tó béèrè pé: ibo gan-an ló yẹ kí ọmọ yẹn ti sọdá? Nítorí pé kò síbì kankan.

12/ Èmi ti wà ní Èkó nígbà yẹn, iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Òṣòdì ni mo máa ń gbà lọ, Òṣòdì ni mo máa ń gbà bọ̀. Ẹ má bínú sí mi, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa Sẹ̀kọ̀nà. Torí pé kí ni Òṣòdì náà? Oríta ni. Ó kàn dàgbà ju tiwa lọ ni. Ojú irin gbabẹ̀, Agege Motor Road gbabẹ̀, ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì gbabẹ̀. Ọ̀nà pàdé, èrò dúró, ọjà hù. Ìtàn kan náà ni.

13/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì kéré nígbà yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín bí Òṣòdì ṣe rí kí ó tó di 2009. Ọjà ti jẹ ọ̀nà tán. Mólúè á máa rìn bí ìgbín láàárín àtẹ aṣọ àti àtẹ bàtà, olè á sì máa ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ lójú fèrèsé. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá kó katakata lọ síbẹ̀, wọ́n wó gbogbo ẹ̀. Ọ̀nà là. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá yìn ín gan-an. Òótọ́ ni, ìyìn tọ́ sí i.

14/ Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà ò kì í yọ́ bí yìnyín. Ó ní ibi tó máa lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, lábẹ́ ìjọba Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, wọ́n wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì kan náà, wọ́n ní ilẹ̀ yẹn ni wọ́n máa fi kọ́ ibùdókọ̀ ìgbàlódé. Wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Tẹ́ ẹ bá wo máàpù, kò jìnnà. Lẹ́sẹ̀ oníbàárà tó ń sáré bá mọ́tò, ó jìnnà.

15/ Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ náà. Tẹ́mínà mẹ́ta: ọ̀kan fún àwọn tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, méjì fún àwọn tó ń rìn nínú Èkó, afárá ẹlẹ́sẹ̀ sì so wọ́n pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọbẹ̀, òjò ń rọ̀. Òrùlé wà lórí mi, ìjókòó wà, mo mọ bọ́ọ̀sì tí mò ń dúró dè. Ẹ gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní, ṣé báyìí ló ṣe yẹ kó rí fún wa láti ọjọ́ yìí?

16/ Ìgbà tó ṣe, Red Line dé. Ààrẹ Tinúbú ṣí i ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Láti Àgbàdó dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ, Òṣòdì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà, nínú ìwé, Òṣòdì ti pé: ojú irin, BRT, mọ́tò ọ̀nà jíjìn, dánfó. Kí lèèyàn tún ń fẹ́?

17/ Ohun tí èèyàn ń fẹ́ ni kó jáde nínú ọ̀kan, kó wọ èkejì láìfẹ̀mí wewu. Tẹ́ ẹ bá jáde ní tẹ́mínà, tẹ́ ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ kan sí ìta báyìí, Òṣòdì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín. Dánfó ṣì ń kó èrò lójú títì, torí pé ojú títì ni èrò wà. Èrò wà lójú títì, torí pé ibẹ̀ ni dánfó wà. Ta ni ẹ fẹ́ kọ́kọ́ bá wí?

18/ Ẹ wo ọ̀rọ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀. A máa ń bú àwọn tó ń sáré gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Èmi náà ti bú wọn rí. Títí di ọjọ́ tí mo gbé ẹrù gàrí láti ilé bọ̀, tí mo wo àtẹ̀gùn yẹn, tí èmi náà wo abẹ́ ẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ò kì í tẹ̀lé àwòrán tí ẹnì kan yà ní ọ́fíìsì. Ọ̀nà tó kúrú ló ń tẹ̀lé. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ò ní gun òkè nítorí pé mọ́tò ò fẹ́ dúró.

19/ Ìyá kan wà tí mo máa ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn lẹ́bàá ibẹ̀. Ojú wọn kì í sinmi, bí wọ́n ṣe ń bu ẹ̀wà ni wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò fi gba ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn?" Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń ṣe wèrè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjà kì í tà níbi tí ẹsẹ̀ ò gbà." Mo jẹ ẹ̀wà mi tán, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

20/ Tẹ́ ẹ bá ní Òṣòdì nìkan ni, ẹ jẹ́ ká dé Ìbàdàn. Ọdún 1901 ni ojú irin kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, ibùdó ẹ̀ sì wà ní Dùgbẹ̀. Ọjà wá sí Dùgbẹ̀, báńkì wá, ilé iṣẹ́ wá. Cocoa House pàápàá, tí wọ́n parí ní 1965, Dùgbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Èèyàn á bọ́ nínú rélùwéè, á sì ti wà láàárín ìlú.

21/ Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Rélùwéè náà dáa, ó tutù, ó mọ́. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà ló gúnlẹ̀ sí, ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń lọ sí Ọ̀ṣun, ẹ ṣì máa wá mọ́tò lọ sí Ìwó Road, kẹ́ ẹ tó tún wá mọ́tò mìíràn. Ìrìn-àjò ọ̀hún ò tíì parí, ó kàn pààrọ̀ orúkọ ni. Ìyàtọ̀ láàárín Dùgbẹ̀ àti Mọ́níyà nìyẹn: ìlú wá bá Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa la ní láti máa wá ìlú kiri ní Mọ́níyà.

22/ Kẹ́ ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú àṣìṣe yìí o. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní London, kò jìnnà sí Elephant and Castle, àdúgbò tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ráńdábáòtù ńlá ló wà níbẹ̀, mọ́tò ló ni òkè, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gba ihò abẹ́ ilẹ̀. Ní 2015 sí 2016, wọ́n tún un ṣe: wọ́n dí àwọn ihò yẹn, wọ́n sì ṣe ibi ìsọdá sórí ilẹ̀. Iná pupa á tàn, mọ́tò á dúró, èèyàn á kọjá.

23/ Ẹ tún un kà. Mọ́tò á dúró, èèyàn á kọjá. Kì í ṣe kí èèyàn gun òkè, kì í ṣe kí èèyàn wọ inú ihò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi, ọmọ tó ń ta píọ́ wọ́tà ni mo rántí.

24/ Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sílé pẹ̀lú ọgbọ́n orí mi tuntun. Mo ra páálí funfun, mo ra rúlà, mo yà àwòrán oríta Sẹ̀kọ̀nà bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Ó rẹwà! Tẹ́mínà kékeré ní àárín, òdòdó, ọgbà tí wọ́n fi irin yí ká, ṣọ́ọ̀bù tó tò gbọọrọ ní ẹ̀yìn fún Màámi àti àwọn yòókù. Mo gbé e fún wọn. Mo ń retí ìyìn.

25/ Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ilé tèmi dà níbẹ̀?"
Mo ní, "Màámi, ìyẹn nìyí, ní ẹ̀yìn, ẹ máa ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́."
Wọ́n ní, "Ta ló máa rìn débẹ̀?"
Mo ní, "Àwọn èrò."
"Èrò tí bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè pè?"
Mi ò lè dáhùn.

26/ Ẹ fojú inú wò ó. Èmi tí mo ń bú àwọn tó wó Owónifáàrí, èmi náà ti fi rúlà wó àtẹ ìyá mi. Mi ò tiẹ̀ mọ̀.

27/ Màámi gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. Wọn ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n sàmì sí. Ibí yìí ni àwọn tó ń lọ sí Ifẹ̀ ń dúró, torí òjìji igi. Ibí yìí ni omi máa ń dá sí tí òjò bá rọ̀, ẹni tó bá wọ bàtà funfun á yí gba ojú títì. Ibí yìí ni wọ́n gbé pákó sórí gọ́tà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà. Ibí yìí ni ó ṣókùnkùn jù lálẹ́, kí obìnrin má dá dúró níbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ lórí páálí mi. Òdòdó ni mo yà.

28/ Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí ọ̀sán, mo ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé fún gbogbo ẹni tó sọdá. Ojú ìwé méjì kún. Ẹ sì mọ ohun tó yà mí lẹ́nu? Àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ sọdá ní oríta gan-an. Wọ́n ń rìn síwájú díẹ̀, wọ́n ń sọdá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, torí pé kòtò kan wà lójú ọ̀nà níbẹ̀ tí mọ́tò ń rọra wọ̀. Kòtò! Kòtò ló ń dáàbò bo ìlú wa. Tí ẹnì kan bá wá dí kòtò yẹn lọ́la láì ṣe nǹkan mìíràn sí i, ó máa rò pé òun ti ṣe wá lóore.

29/ Nítorí náà, èmi àti Màámi jọ kọ nǹkan tá a fẹ́, a ò fi òdòdó sí i:
– Ibi ìsọdá ní iwájú fọkanáísà, níbi tí ẹsẹ̀ ti yàn fúnra ẹ̀, pẹ̀lú gegele tó máa mú mọ́tò rọra rìn ní ìhà méjèèjì, àti ibi tí èèyàn lè dúró sí ní àárín.
– Àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún mọ́tò Ifẹ̀, Òṣogbo àti Ìbàdàn, kálukú lọ́tọ̀, kí bọ́ọ̀sì má dúró lójú ọ̀nà mọ́.
– Ìbòrí àti ìjókòó níbi tí èrò ti ń dúró. Kí wọ́n má gé igi.
– Iná sólà, ìbòrí gọ́tà, ilé ìtọ̀.
– Pátákó tó kọ ibi tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń lọ, kí Màámi lè sinmi ẹnu díẹ̀.
– Àyè fún àtẹ ọlọ́jà lẹ́yìn ibi tí èrò ń dúró, kí ó má jìnnà.

30/ Èyí tó kẹ́yìn yẹn la fi jà jù. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin náà sún mọ́ títì jù, ẹ ò rí i pé ó léwu?" Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n yí bọ̀ọ̀lì kan padà, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó léwu. Èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀. Tí ibi tí mọ́tò ń dúró bá sún, mo máa sún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé mọ́tò síhìn-ín kí wọ́n gbé mi sọ́hùn-ún."

31/ Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa ìrìnnà látìgbà yẹn. Mi ò tíì rí èyí tó sọ ọ́ tó báyìí. Ọlọ́jà, èrò àti mọ́tò, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan kúrò, àwọn yòókù á máa wá a kiri, ojú títì ni wọ́n sì ti máa wá a.

32/ Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. "Sẹ̀kọ̀nà kì í ṣe Èkó." Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn. Ní Òṣòdì, ó di dandan kí wọ́n wó kí wọ́n tó kọ́, torí pé ọwọ́ ti bọ́. Tiwa ò tíì bàjẹ́ débẹ̀. Gegele, ìbòrí, iná, àyè tí mọ́tò lè yà sí: ìwọ̀nyí ò tó owó tẹ́mínà kan. Ohun tó ń jẹ owó ni ká dúró títí oríta á fi di Òṣòdì, ká tó lọ pe katakata.

33/ Àwọn mìíràn máa ní, "Kí àwọn ọlọ́jà kàn kó lọ, òfin ni òfin." Ó dáa. Ẹ lé wọn lọ. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, tí ọmọ yín tó wà ní Ifẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀ ní Sẹ̀kọ̀nà, tí fóònù ẹ̀ ti kú, tí mọ́tò Òṣogbo ti tán, ẹ sọ fún mi ẹni tó máa bi léèrè ọ̀nà.

34/ Ibo ni ọ̀rọ̀ dé báyìí? A da àwòrán tuntun kọ, èyí tí Màámi sàmì sí. A ṣe ẹ̀dà ẹ̀, a fún àwọn àgbà àdúgbò, a fún àwọn tó ń darí mọ́tò ní oríta. Bàbá kan nínú wọn ní kí n ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, wọ́n ní, "A ti gbọ́." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "a ti gbọ́" lè túmọ̀ sí. Fọkanáísà ní tó bá di ti ibi ìsọdá, òun máa fi ọ̀dà funfun kun ìlà fúnra òun. Mo ní kó ní sùúrù, torí ìlà funfun láìsí gegele, ẹ̀tàn ni.

35/ Ọmọ yẹn ti ń rìn. Ó ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì. Ó ti padà sí iléèwé, kò ta píọ́ wọ́tà mọ́. Nígbà tí mo rí i, ó ní, "Àǹtí, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣe ọ̀nà." Mo ní rárá, kì í ṣe èmi, mo kàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé iwájú fọkanáísà ló dáa jù." Mo ní, "Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ti sọ bẹ́ẹ̀." Ó mirí bí àgbàlagbà.

36/ Ọjọ́ Sunday ni mo padà sí Èkó. Ìhà ọ̀dọ̀ Màámi ni bọ́ọ̀sì Èkó ń gbà, nítorí náà mi ò ní láti sọdá. Wọ́n wé bọ̀ọ̀lì méjì sínú bébà fún mi, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró fúnra wọn, wọ́n bá dẹ́rẹ́bà jà lórí owó, wọ́n sì bojú wo inú ọkọ̀ bóyá ó kún jù. Gbogbo iṣẹ́ tẹ́mínà, ẹnì kan ṣoṣo.

37/ Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe ò pọ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, níbikíbi, ẹ ka ìṣísẹ̀ yín títí dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an. Ibo lẹ ti dúró? Ibo lẹ ti sáré? Ta lẹ bi léèrè ọ̀nà? Ibo ni omi wà? Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí, kẹ́ ẹ dárúkọ ìlú yín.

38/ Oríta tiwa rèé. Tiyín ńkọ́?